Ṣé Amẹ́ríkà ti fagi lé káàṣì ni? Àlàyé fún ẹni tí kò ní káàdì, tí kò sì ní sọ̀wédowó

Ìròyìn méjì ló dá ìrújú yìí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ kan pé kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣíwọ́ fífi sọ̀wédowó sanwó, ó sì fi ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ṣe gbèdéke. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, wọ́n rọ pẹ́nì, ìyẹn owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan, tó kẹ́yìn tí wọ́n máa fi sínú ọjà ní ilé ìrọwó tó wà ní Philadelphia. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pín in kiri pé ìjọba Amẹ́ríkà ti pa owó bébà tì, àti pé ẹni tí kò bá ní káàdì kò ní lè ra búrẹ́dì mọ́.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kankan tó fagi lé dọ́là bébà. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ń ná káàṣì nìkan kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí àwọn ibi tí wọ́n ti lè ná an ń dín kù lọ́dọọdún, kò sì pọn dandan kí ìjọba pàṣẹ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Kí gan-an ni àṣẹ orí sọ̀wédowó yẹn sọ?

Owó tó ń jáde láti ọwọ́ ìjọba ló dá lé: owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, owó ìrànwọ́, owó orí tí wọ́n ń dá padà fún ẹni tó san ju bó ṣe yẹ lọ, àti owó àwọn agbaṣẹ́ṣe. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ sọ̀wédowó fún onílé rẹ̀, kò sì kan owó tí èèyàn ń ná lọ́jà. Ó fẹ́ kí owó tí aráàlú ń san fún ìjọba náà máa gba orí ẹ̀rọ, àmọ́ kò fi ọjọ́ kan pàtó sí ìyẹn.

Ìdí méjì ni ìjọba gbé kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé iye tó lé ní 657 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná lórí ètò ìsanwó orí bébà lọ́dún ìṣúná 2024. Èkejì ni jìbìtì: tí a bá fi wé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà sínú àkáǹtì, ìlọ́po 16 ni sọ̀wédowó Iléeṣẹ́ Ìṣúná fi ń sọnù jù, tàbí kí wọ́n jí i, tàbí kí ẹnì kan yí ohun tó wà lára rẹ̀ padà.

Lọ́dún 2025, àwọn tó ṣì ń gba owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ ti ìjọba, nípasẹ̀ sọ̀wédowó kò tó ẹyọ ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn kéré létí, àmọ́ àárín wọn la ti máa rí àgbàlagbà tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rí, àti ẹni tí báńkì jìnnà sí. Àṣẹ náà fàyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ọ̀nà kankan láti dé báńkì. Ọ̀nà mìíràn tí ìjọba ní kí àwọn aláìní àkáǹtì gbà ni káàdì kan tó ń jẹ́ Direct Express: ìjọba á máa fi owó sórí rẹ̀, ẹni tó ni ín á sì lọ fi gba káàṣì lẹ́nu ẹ̀rọ ATM. Ìyẹn ni pé ẹni tó ti pinnu pé òun ò ní mú káàdì dání láyé òun ni wọ́n ń fún ní káàdì báyìí.

Pẹ́nì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbà á?

Wọ́n ṣì ń gbà á. Rírọ tuntun nìkan ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọdún 1793 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún 2024, sẹ́ǹtì 3.69 ni wọ́n ń ná kí wọ́n tó rí ẹyọ kan rọ, bẹ́ẹ̀ sẹ́ǹtì kan péré ni iye rẹ̀. Pẹ́nì tó wà nílé yín ṣì jẹ́ owó. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ti ṣéńjì, a ó sì padà sórí ìyẹn.

Àwọn wo ló ń ná káàṣì nìkan, kí ló sì fà á?

Ìdí tí kálukú fi ń ná káàṣì yàtọ̀ síra, pípa gbogbo wọn pọ̀ sì wà lára ohun tó ń da àríyànjiyàn yìí rú.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe àwọn ló yàn án. FDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó àwọn tó ń fi owó sí báńkì, ṣèwádìí lọ́dún 2023, wọ́n sì rí i pé ìdílé bíi mílíọ̀nù 5.6 ni kò ní àkáǹtì kankan. Ìyẹn jẹ́ ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ìdá 1.9 ni, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdá 10.6. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tó fà á, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé owó ọwọ́ wọn kò tó iye tí báńkì ní kó máa wà nínú àkáǹtì nígbà gbogbo. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé wọn ò fọkàn tán báńkì.

Àwọn mìíràn yàn án nítorí gbèsè. Ní ìdajì ọdún 2023, gbèsè orí káàdì àwìn, ìyẹn credit card, kọjá tírílíọ̀nù kan dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, èlé orí rẹ̀ sì ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Ẹni tí gbèsè ti rún lápá máa ń gé káàdì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á wá pín owó oṣù sínú àpòòwé: ti oúnjẹ lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti aṣọ lọ́tọ̀. Bí ti aṣọ bá tán, aṣọ tán nìyẹn títí oṣù á fi parí. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe fídíò rẹ̀ sórí TikTok báyìí, àmọ́ àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí wọn.

Ìwádìí wà tó ti ọ̀nà yìí lẹ́yìn. Lọ́dún 2001, Drazen Prelec àti Duncan Simester ní yunifásítì MIT gbé tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ (basketball) kalẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá iye lé e. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé káàdì ni wọ́n máa fi san án, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé káàṣì ni. Iye tí àwọn oníkáàdì dá ju ìlọ́po méjì ti àwọn oníkáàṣì lọ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé ó máa ń dun èèyàn nígbà tí owó bá ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé káàdì máa ń pa oró ìdùn náà. Kí a má ṣì í lò o: tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣòro láti rí ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe iyọ̀ àti ọṣẹ.

Ìdí mìíràn ni àṣírí. Ohun gbogbo tí èèyàn bá fi káàdì rà ló ń wọ àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ kan: oògùn tó rà, ìwé tó rà, ibi tó sùn sí. Obìnrin tó ń wá ọ̀nà láti sá fún ọkọ tó ń lù ú mọ bí ìyẹn ṣe ṣe pàtàkì tó.

Síbẹ̀, àwọn tó ń ná káàṣì ń dín kù. Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Federal Reserve, báńkì àgbà Amẹ́ríkà, nínú gbogbo ìgbà tí àwọn èèyàn sanwó lọ́dún 2016, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi káàṣì san. Lọ́dún 2024, ìdá 14 ló kù.

Ṣé òfin ò ní kí gbogbo ọlọ́jà gba dọ́là ni?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi òfin gbọ́. Wọ́n á gbé dọ́là sókè, wọ́n á ka ohun tó wà lára rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ọlọ́jà, pé owó tó bófin mu ni fún gbogbo gbèsè, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ gbèsè ni òfin náà ń sọ. Tí mo bá ti jẹ ẹnì kan lówó, tí mo sì gbé dọ́là wá láti san án, òfin ka owó náà sí ohun tó tó láti fi san gbèsè yẹn. Ẹni tó mú ọjà wá síwájú ọlọ́jà tí kò tíì sanwó kò jẹ gbèsè kankan. Ìdúnàádúrà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọlọ́jà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó máa gbà. Federal Reserve fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kò sí òfin àpapọ̀ kan tó fi dandan lé e pé kí iléeṣẹ́ aládàáni gba owó bébà tàbí owó ẹyọ.

Nítorí náà, àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú ló ń ṣe òfin tiwọn. Massachusetts ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 1978, kí káàdì tó gba ìgboro: ọlọ́jà tó ń tajà fún aráàlú gbọ́dọ̀ gba káàṣì. Ó pẹ́ kí àwọn mìíràn tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2019, ìpínlẹ̀ New Jersey àti Rhode Island ṣe é, ìlú Philadelphia àti San Francisco náà ṣe é. New York City bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2020, Colorado lọ́dún 2021. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún aláìní káàdì ni pé ẹ̀tọ́ tó ní láàárọ̀ lè má sí mọ́ lọ́sàn-án, tó bá ti wọ mọ́tò kọjá ààlà sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Wọ́n ti gbé àbá òfin kan tó ń jẹ́ Payment Choice Act lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé kí ó di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè.

Kí ló dé tí àwọn kan ò fẹ́ gba káàṣì mọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ọgbà ìjọba kan tó ń jẹ́ Death Valley, ní California, wò. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti dá gbígba káàṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣàlàyé pé 22,000 dọ́là ni àwọn gbà ní káàṣì lọ́dún tó ṣáájú, àmọ́ iye tí àwọn ná láti kà á, láti tọ́jú rẹ̀ àti láti gbé e lọ sí báńkì ju 40,000 dọ́là lọ. Àwọn ọlọ́jà máa ń fi ti olè kún un, àti ti òṣìṣẹ́ tó ń yọ owó nínú àpótí. Àwọn afárá àti ọ̀nà márosẹ̀ náà ti gba ọ̀nà yìí lọ: láti ọdún 2013 ni Golden Gate Bridge kò ti ní agbowó mọ́, Pennsylvania Turnpike sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2020. Ẹ̀rọ á ya nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé tó sọ iye tó máa san á sì wá bá ẹni tó ni ọkọ̀ nílé.

Àwọn tó ta kò wọ́n ní ẹjọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ tí báńkì kọ̀ láti ṣí àkáǹtì fún ẹnì kan, tí ilé ìtajà náà sì kọ̀ láti gba owó ọwọ́ rẹ̀, ẹni náà ò lè rajà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà lápò rẹ̀. Káàdì pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọlọ́jà ń san bí ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ni ètò káàdì àwìn, ó sì ń fi í kún iye ọjà, èyí tí oníkáàdì àti oníkáàṣì jọ ń san. Oníkáàdì á wá gba díẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ báńkì rẹ̀. Oníkáàṣì kò gba nǹkan kan. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ìṣúná ní báńkì Federal Reserve tó wà ní Boston ṣírò rẹ̀: lọ́dún kan, ìdílé tó ń ná káàṣì ń fi bíi 149 dọ́là sọ́wọ́ àwọn oníkáàdì, ìdílé oníkáàdì kan sì ń jèrè bíi 1,133 dọ́là. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn èèyàn mọ̀ jù, nítorí àwọn tí kò ní ló pọ̀ jù nínú àwọn oníkáàṣì.

Báwo ni aláìní káàdì ṣe ń san owó ilé àti owó iná?

Mọ́nì ọ́dà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Èèyàn á gbé káàṣì lọ sí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, á san owó iṣẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ìwé kan tó lè fi ránṣẹ́ sí onílé. Ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ ju 1,000 dọ́là lọ, ẹni tó bá sì ra 3,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kan gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, kó sì kọ orúkọ sílẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ iná àti omi kan tún ń jẹ́ kí èèyàn san káàṣì fún wọn ní ilé ìtajà tó wà ládùúgbò. Tí iléeṣẹ́ tó gba èèyàn síṣẹ́ bá fún un ní sọ̀wédowó, ṣọ́ọ̀bù tó ń pa sọ̀wédowó dà sí káàṣì ló ń lọ, wọ́n á sì yọ tiwọn nínú rẹ̀. Kékeré ni owó iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ní gbogbo oṣù ni.

Níbi tí káàṣì ti ń kùnà gan-an ni híháyà mọ́tò, yàrá òtẹ́ẹ̀lì, àti ohun gbogbo tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní àwọn ń ná káàṣì nìkan ló ní káàdì tí wọ́n ń rọ owó sí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ná an, nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni credit score ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Credit score ni òǹkà tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe máa ń san gbèsè rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù, FICO, ti wà báyìí láti ọdún 1989, láti 300 dé 850 ni. Báńkì ń wò ó kó tó yáni lówó, ọ̀pọ̀ onílé ń wò ó, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú ń wò ó ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ẹni tí kò jẹ gbèsè rí kì í gba máàkì tó ga. Kì í gba máàkì kankan rárá. Lójú ẹ̀rọ, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó fi ogún ọdún san gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú lánàá. Ọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ ó gùn. Ètò ẹ̀yáwó ilé tí FHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé, ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún gba àwọn báńkì láàyè láti fi ọwọ́ yẹ ìtàn èèyàn wò: rìsíìtì owó ilé, owó iná, owó fóònù. Rìsíìtì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Onílé tó ń gba káàṣì tí kò fúnni ní ìwé kankan ń ba ẹ̀rí ọjọ́ iwájú ayálégbé rẹ̀ jẹ́.

Ṣé kò séwu nínú kíkó owó pa mọ́ sílé?

Ewu wà níbẹ̀. FDIC ń dáàbò bo owó tó wà ní báńkì títí dé 250,000 dọ́là. Ìwé adójútòfò ilé tó wọ́pọ̀ kì í san ju 200 dọ́là lọ fún káàṣì tó bá jóná tàbí tí wọ́n jí. Owó tó jóná díẹ̀ kò tíì ṣègbé o. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tẹ owó, Bureau of Engraving and Printing, máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí ohun tó kù lára ìwé owó náà tí wọ́n ṣì lè dá mọ̀ bá ju ìdajì lọ. Ọ̀wọ́ngógó ni kò sí ẹni tó ń pààrọ̀ tirẹ̀: ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, iye ọjà ti fi ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún kan.

Ewu òfin pẹ̀lú wà, òun ló sì ń bá àwọn olóòótọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 1970 kan ló mú kí báńkì máa fi tó ìjọba létí tí ẹnì kan bá mú káàṣì tó ju 10,000 dọ́là lọ wá tàbí tó gbà á lójúmọ́. Fọ́ọ̀mù lásán ni, kò sí ìjìyà níbẹ̀. Ẹni tó ní 12,000 tó bá wá pín in sí méjì kí wọ́n má bàa kọ fọ́ọ̀mù ti ṣẹ̀ sófin, kódà kó jẹ́ òógùn ojú rẹ̀ ni gbogbo owó náà. Ọlọ́pàá sì lè gbẹ́sẹ̀ lé káàṣì tí wọ́n bá rí nínú mọ́tò láìfi ẹ̀sùn kankan kan ẹni tó ni ín, á wá kù sí i lọ́wọ́ láti lọ gbà á nílé ẹjọ́. New Mexico fòpin sí irú ìgbẹ́sẹ̀lé bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ló ṣe rí lókè òkun yòókù?

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣáájú nínú fífi káàṣì sílẹ̀ ló ń wẹ̀yìn wò báyìí. Sweden ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021 pé kí àwọn báńkì ńlá má ṣe jáwọ́ nínú iṣẹ́ káàṣì, ìwé ìmúrasílẹ̀ tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé lọ́dún 2024 sì ní kí àwọn èèyàn ní káàṣì tó máa tó wọn ná fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Norway fún ẹ̀tọ́ oníbàárà láti san káàṣì lágbára sí i láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, iná kú ní Spain àti Portugal fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rọ tó ń gba káàdì dákẹ́, àwọn tó ní káàṣì lápò ló rí oúnjẹ àti bátìrì rà. Oṣù yẹn kò pẹ́ parí tí báńkì àgbà Netherlands fi gba aráàlú nímọ̀ràn pé kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní 70 Euro nílé, kí ọmọdé kọ̀ọ̀kan ní 30.

Kí ló wá dé tí pẹ́nì fi kan oníkáàṣì nìkan?

Tí kò bá sí pẹ́nì láti fi ṣe ṣéńjì, ọlọ́jà á ní láti sún iye lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ dé sẹ́ǹtì márùn-ún tó súnmọ́ ọn jù: dọ́là 1.02 á di 1.00, 1.03 á di 1.05. Bí Canada ṣe ṣe é nìyẹn láti oṣù Kejì ọdún 2013, ìjọba ibẹ̀ sì ti ṣe ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi káàdì sanwó kò ní í mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, nítorí ẹ̀rọ á yọ 1.03 gan-an.

Nígbà tí wọ́n rọ pẹ́nì tó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí òfin àpapọ̀ kankan tó sọ bí wọ́n ṣe máa sún iye. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló pariwo jù. Òfin SNAP, ètò ìrànwọ́ oúnjẹ ti ìjọba, kò gbà kí ọlọ́jà ta ọjà fún àwọn tó ń lo káàdì SNAP ní iye tó yàtọ̀ sí ti àwọn oníbàárà yòókù. Tí ọlọ́jà bá wá gé sẹ́ǹtì méjì kúrò fún oníkáàṣì kó má bàa rẹ́ ẹ jẹ, tó sì gba iye tó pé lórí káàdì SNAP, wọ́n lè sọ pé ó ti rú òfin.